Ìrọ̀rí Tí Wọ́n Pè Lẹ́jọ́

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, rìsíìtì ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan, ìrọ̀rí tò yí i ká láti ilẹ̀ dé àjà, bí ẹni pé ìrọ̀rí ni wọ́n fi mọ ògiri ilé náà. Mo ní mo fẹ́ ra ọ̀kan. Ó ní kí n mú èyí tó bá wù mí. Mo mú un, mo sanwó, mo sì dúró síbẹ̀.

"Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

Mo ní rárá, rìsíìtì ni mò ń dúró dè.

Ó gbé ojú kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó wọ bàtà. Ó ní láti ọdún mẹ́sàn-án tí òun ti ń ta ìrọ̀rí, àti gbogbo ọdún tí ìyá òun fi tà á kó tó kú, kò sí ẹni tó gba ìwé lórí ìrọ̀rí rí. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ bá ìrọ̀rí náà ṣègbéyàwó ni, tí mo fi ń wá ìwé ẹ̀rí.

Síbẹ̀ ó ya ewé kan nínú ìwé àjákọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ta ìrọ̀rí kan, ó kọ orúkọ tó wà lára rẹ̀, Ìsinmi, ó kọ déètì, ó sì fọwọ́ sí i. Mo dúpẹ́. Bí mo ṣe ń jáde ló ní, "Ó dàbọ̀ o, Onírìsíìtì."

Orúkọ yẹn ló ń pè mí di òní.

N kò mọ ìdí tí wọ́n fi rán mi. Ilé-iṣẹ́ fóòmù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ibùsùn, mo sì ń tún àwọn máṣíìnì ìránṣọ wọn ṣe, mẹ́rìnlélógójì lápapọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà. Máṣíìnì ìyá mi ni mo tú palẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi nà mí, mo sì tò ó padà kí omijé mi tó gbẹ. Ọ̀gá mi ló kàn ní kí n lọ ra ìrọ̀rí kan ní ṣọ́ọ̀bù báyìí báyìí, kí n sì rí i pé mo gba ìwé tó ní déètì. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ni là ń jẹ́. Mo jẹ́ ẹ.

Ohun tó tẹ̀ lé mi wálé ni ìró máṣíìnì rẹ̀. Ó ń fo ojú ìrán. Á rán mẹ́rin, á fo ọ̀kan, á rán méjì, á tún fò. Létí mi, bí ẹni tó ń tiro lórí àtẹ̀gùn ló rí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, n kò lè fara dà á mọ́. Mo gbé àpò irinṣẹ́ mi, mo padà lọ.

"Ṣé rìsíìtì yẹn ti sọ nù ni?"

Mo ní rárá o, máṣíìnì yín ló ń tiro.

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dìde fún mi. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ń tú u. Bí abẹ́rẹ́ bá wọlé tó sì fẹ́ máa gòkè padà, òwú á yọ ikùn díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìkọ́ tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ní àkókò yẹn gan-an kó lè gbá a mú. Bó bá fi bí ìwọ̀n irun orí kan pẹ́, òwú á ti lọ, ojú ìrán kan á sì sọ nù. Mo tú síkúrù kan, mo sún ìkọ́ síwájú díẹ̀, mo dè é padà.

"Gbogbo ohun tó ń ṣe é náà nìyẹn?"

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń pẹ́ dé ni."

Ó lọ gbé nǹkan lẹ́yìn ilé. Mo fẹ́ dán máṣíìnì náà wò, mo wá aṣọ tí n óò fi dán an wò. Ìrọ̀rí àtijọ́ kan wà lórí àpótí tó ń jókòó lé, aṣọ rẹ̀ ti jẹ́ búlúù nígbà kan rí, ó ti ṣá débi pé bí eérú ló rí. Àkọlé kan wà lára rẹ̀, ìyẹn aṣọ péńpé funfun tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, òwú kan ṣoṣo ló so ó ró. Mo fa òwú jáde nínú àpò mi, mo fi máṣíìnì rán àkọlé náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò fo ojú ìrán kan.

Ó padà wọlé, ó rí i. Ó gbé ìrọ̀rí náà lé ẹsẹ̀, ó ń fi ìka tọ ojú ìrán. Ó wá sọ fún mi pé ìrọ̀rí àkọ́kọ́ tí ìyá òun kọ orúkọ sí nìyẹn. Ìyá náà ò kàwé púpọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà sílípáàsì kan ló fi abẹ gbẹ́ tó fi ṣe òǹtẹ̀, ÌSINMI àti ọdún tó rán an. Ó ní ìyá òun máa ń sọ pé ẹni tó bá ra ìrọ̀rí, ohun kan ṣoṣo ló ń wá, kí la fẹ́ tún pè é ju ohun tó ń wá lọ?

Ojú rẹ̀ ti kún fún omijé. Ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ rẹ̀ wọ inú mi, n kò sì rí síkúrù tí mo lè tú láti fi yọ ọ́.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń yà. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kì ìrọ̀rí. Igun ni wọ́n ń kọ́kọ́ kì. Ẹni tó bá ti inú àárín bẹ̀rẹ̀, igun rẹ̀ á ṣófo títí ayé, ìrọ̀rí náà á sì rí bí ikùn ẹni tó yó tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rù. Mo ń kì, ó ń rán. Ó fi "ẹ" sílẹ̀, ó ń pè mí ní "ìwọ". Mo ń pè é ní olólùfẹ́ mi, òun náà sì ń dá mi lóhùn.

Oṣù kẹrin ni lẹ́tà dé.

Èmi ń sú fèé bọ̀ lọ́nà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, n kò mọ ohun tó ń dúró dè mí. Ó tẹ́ ìwé náà sórí máṣíìnì. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ fóòmù ló kọ ọ́. Wọ́n ní ọdún méje sẹ́yìn ni àwọn ti fi orúkọ náà, Ìsinmi, sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọjà sílẹ̀, lórí ohun gbogbo tí ènìyàn ń sùn lé. Wọ́n ní kó dẹ́kun lílo orúkọ àwọn, kó kó gbogbo ìrọ̀rí tó wà nílẹ̀ fún àwọn, kó sì tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn lẹ́tà náà ni wọ́n fi àwòrán ìrọ̀rí tí mo rà sí, pẹ̀lú ẹ̀dà rìsíìtì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ẹ̀yin nìyí?" ló bi mí.

"Ẹ" yẹn dùn mí ju lẹ́tà náà lọ. Mo sọ fún un pé n kò mọ̀, pé wọ́n kàn rán mi ni. Ó ní òun gbà pé n kò mọ̀. Ó ní ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ni mo fi ń jókòó síbí, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí orúkọ yìí lára ìrọ̀rí òun, tí mo ń rí i lára fóòmù lọ́hùn-ún, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti béèrè.

Òótọ́ ni. Ojú mi kì í kúrò lára ojú ìrán. N kì í ka ohun tí wọ́n kọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà wá mọ́."

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló ń tọ́jú sítọ̀ ilé-iṣẹ́ náà láti ọdún mọ́kàndínlógún, aṣọ àti òwú wà lábẹ́ rẹ̀, òun ló sì mú mi wọbẹ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní kí n fara balẹ̀, a kì í bá ẹni tó ń bọ́ ni jà, obìnrin sì pọ̀. Mo ní obìnrin pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni mò ń wí. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí mo bá fẹ́ obìnrin tí ilé-iṣẹ́ pè lẹ́jọ́, òun ò mọ ojú tí òun máa fi wọ sítọ̀.

Ní ti olólùfẹ́ mi, àbúrò ìyá rẹ̀ ni olórí ẹbí wọn, gbogbo ènìyàn ń pè é ní Ìyá Kékeré. Ó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kò sí bí òun ṣe máa fa ọmọ ẹ̀gbọ́n òun lé ọwọ́ àwọn tó fẹ́ pa ohun tí ẹ̀gbọ́n òun kọ rẹ́. "Ẹni tó bá ń gbàwé lórí ìrọ̀rí," ló wí, "ó ní ibi tó ń gbé e lọ."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, mo sì gbọ́ ọ. Máṣíìnì náà tún ń tiro. N kò lè wọlé. Mo ya àwòrán síkúrù náà sórí ìwé pélébé kan, mo fi ọfà tọ́ka ibi tó yẹ kó yí i sí àti bó ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, mo fún Ìyá Kékeré. Ó gbà á bí ẹni tó gba aṣọ ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n ó mú un wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ó fún mi ní ìwé kan náà padà. Olólùfẹ́ mi ti kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀: "Ó ti ń rìn. Ẹ ṣeun."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Mo ya bí wọ́n ṣe ń fi òróró sí i. Mo ya bí wọ́n ṣe ń nu abẹ́ irin tó ń ti aṣọ. Ó ń dá a padà, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé sì ń gùn sí i. Lórí ìwé keje, ohun tó kọ ò ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ: "Wá wò ó fúnra rẹ."

Mo lọ. Kò sí ohunkóhun tó ṣe máṣíìnì náà.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti kọ̀ láti tọrọ àforíjì, ó sì ti rí lọ́yà kan, ọkùnrin tínrín tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Lọ́yà náà ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ lójoojúmọ́ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè gbé sápò. Ó ní bí ẹnì kan bá gba Ìsinmi, ẹlòmíràn á gba Oorun, ẹnì kẹta á gba Ìtura, á wá ku Orí-ń-fọ́-mi fún àwa tó kù. Ṣùgbọ́n ó ní òfin á tún béèrè ẹ̀rí pé ìyá rẹ̀ ti ń lo ọ̀rọ̀ náà kí ilé-iṣẹ́ fóòmù tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ló ní?

Ìrọ̀rí àtijọ́ yẹn ló ní. Ó gbé e kalẹ̀ nílé ẹjọ́, wọ́n so nọ́ńbà mọ́ ọn, wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sún ẹjọ́ síwájú. Lọ́jọ́ kan obìnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ ń ṣàìsàn. Lọ́jọ́ mìíràn lọ́yà ilé-iṣẹ́ rìnrìn àjò. Ọjọ́ kan wà tí wọn ò rí fáìlì, ọjọ́ kan tún wà tí wọ́n rí fáìlì ṣùgbọ́n tí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ò wá. Ó lé lọ́dún méjì. Lọ́yà rẹ̀ ti ní kó má tíì kọ orúkọ kankan sára ìrọ̀rí, nítorí náà lásán ló ń tà wọ́n, láìlórúkọ. Èmi kì í wọ ilé ẹjọ́ náà, kí àwọn ará ibi iṣẹ́ mi má bàa rí mi. Mo máa ń dúró dè é níta, lábẹ́ igi kan. Bó bá ti jáde, ojú rẹ̀ ni mò ń wò, kò sì ní láti sọ̀rọ̀ kí n tó mọ̀.

"Ó ti rẹ̀ mí," lá sọ. Ó di bí ìkíni láàárín wa.

Mo ní ká ṣègbéyàwó, ká jọ máa rù ú. Ó ní rárá. Ó ní òun ò fẹ́ gbé ẹjọ́ wọlé ọkọ, kí ẹjọ́ kọ́kọ́ parí ná. Ó ti ń rẹ èmi náà. N kò mọ̀ pé ìfẹ́ lè máa rẹ ènìyàn bẹ́ẹ̀ kó má sì dín kù.

Ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sin òun jáde, orúnkún ń dùn ún. Ilé-iṣẹ́ ti pè é kó wá wo nǹkan kan fún àwọn. Ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ ni mo tó mọ ibi tí à ń lọ. Mo mú un wọlé, mo jókòó lẹ́yìn.

Tábìlì gígùn kan ló wà láàárín yàrá, fáànù ń ké lókè. Obìnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ so awò ojú rẹ̀ mọ́ okùn lọ́rùn. Olólùfẹ́ mi jókòó lọ́tùn-ún pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀ àti Ìyá Kékeré. Wọ́n gbé ìrọ̀rí náà sáàárín tábìlì, wọ́n sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi wo òwú tí wọ́n fi rán àkọlé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ irọ́ pa. Bó bá fẹ́ purọ́, etí rẹ̀ á pọ́n. Ó fi awò sójú, ó tẹ̀ ba, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní òwú yìí, tàwọn ni. Funfun ni, ṣùgbọ́n fọ́nrán búlúù kan lọ́ mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún, kí wọ́n lè dá ọjà ara wọn mọ̀, kò sì sí lọ́jà. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni rólù àkọ́kọ́ wọ sítọ̀, òun ló gbà á wọlé.

Lọ́yà ilé-iṣẹ́ dìde jẹ́jẹ́. Ó ní àkọlé yìí ń sọ pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni wọ́n rán òun. Òwú ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi rán an. Ó ní ayédèrú ni, wọ́n ṣe é láti fi gba ẹjọ́, ẹni tó bá sì mú ayédèrú ẹ̀rí wá ní ẹjọ́ mìíràn láti jẹ́ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Mo wo olólùfẹ́ mi. Ojú rẹ̀ wà lára òwú náà. Mo rí ìgbà tó rántí. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kò sì yíjú wò mí. Ó mọ̀ pé bí òun bá wo ẹ̀yìn fìrí, gbogbo ojú inú yàrá á bá ojú òun dé ọ̀dọ̀ mi.

Obìnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ bi í pé ta ló rán an.

"Ó ti pẹ́," ló wí. "Mi ò rántí mọ́."

N kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí ju ọ̀kan yẹn lọ, nítorí mi ló sì ṣe pa á.

Mo dìde. "Èmi ni mo rán an."

Ẹ̀gbọ́n mi yí padà. "Àbúrò mi, jókòó," ló sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. N kò jókòó. Mo sọ fún wọn pé ilé-iṣẹ́ fóòmù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, pé òwú náà wà nínú àpò irinṣẹ́ mi, òun ni mo fi ń dán máṣíìnì wò. Mo ní àkọlé náà fẹ́ já, mo rán an padà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nígbà tí kò tíì sí ẹjọ́ kankan. Mo ní àṣìṣe mi ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ràn obìnrin yìí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ níwájú ènìyàn nìyẹn.

Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kò sí ohun tí ẹni tó ń fẹ́ obìnrin ò lè sọ láti fi yọ ọ́.

Mo ní òótọ́ ni, kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ mi. Kí wọ́n tú àkọlé náà. Òwú tuntun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ò tíì sọ tirẹ̀.

Ó yé ẹnì kan kó tó yé àwọn yòókù. Kí lọ́yà rẹ̀ tó béèrè ohun tí mo ní lọ́kàn, olólùfẹ́ mi ti ń yọ abẹ nínú àpò rẹ̀. Wọ́n gbà fún un. Ó ń tú òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Nígbà tó yọ fọ́nrán tó kẹ́yìn, ó gbé àkọlé náà sókè.

Abẹ́ rẹ̀ jẹ́ búlúù. Búlúù tó dúdú tó tutù, bí ọjọ́ tí wọ́n gé e lára aṣọ, igun rẹ̀ mẹ́rin bá igun àkọlé mu rẹ́gí. Gbogbo aṣọ yòókù ló ti ṣá di eérú yí i ká. Ọdún méjì kọ́, ọdún mẹ́rin kọ́, ni oòrùn fi ń ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ihò abẹ́rẹ́ sì tò létí rẹ̀ ní ọ̀wọ́ méjì. Tèmi kéré, ó sún mọ́ra bí ẹsẹ̀ èèrà. Ọ̀wọ́ kejì tóbi, ó jìnnà síra, irú èyí tí máṣíìnì àfọwọ́yí ìyá rẹ̀ ń ṣe, ègé òwú pupa rúsúrúsú sì ṣì há sínú mélòó kan nínú wọn.

Obìnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ dìde láti wá wò ó. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà wá. Ẹ̀gbọ́n mi tún tẹ̀ ba, orúnkún rẹ̀ dún. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan.

"Èyí tó wà nínú ihò yìí kì í ṣe tiwa," ló wí. "Òwú àwọn ìyá wa ni."

Ó bọ́ awò, ó sì jáde. Kò dúró kí n mú òun lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìlà méjì ni ìwé tí wọ́n fi lé mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Mo ń tún máṣíìnì ṣe láti ilé dé ilé, mo ń kì ìrọ̀rí nírọ̀lẹ́. Igun lákọ̀ọ́kọ́.

Oṣù márùn-ún kọjá lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kí ìdájọ́ tó jáde. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò ni Ìsinmi, kò sẹ́ni tó ni ín. Kí ilé-iṣẹ́ fóòmù mú àwòrán ẹyẹ tó wà lára ibùsùn wọn àti bí wọ́n ṣe ya lẹ́tà wọn, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ayé. Olólùfẹ́ mi ò jẹ̀bi, ìyá rẹ̀ náà ò jẹ̀bi.

A kò fò sókè. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì inú ọ̀nà ilé ẹjọ́ náà, ìwé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé ó ti parí?"

"Ó ti parí."

Ó gbé orí lé mi léjìká, ó sì sùn lọ. N kò mira. Ẹ̀ṣọ́ tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn ló jí wa.

Lójú ọ̀nà mo bi í pé ta ló máa wá fẹ́ ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.

"Ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ ń tiro," ló dáhùn. "Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kó pariwo. Kékeré ni ká ṣe é."

Ìyá Kékeré ni mo ń bẹ̀rù, òun ló sì kọ́kọ́ gbà. Ó ní òun ti wò mí dáadáa lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin tó lè jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun nítorí aṣọ péńpé, kò dájú pé á jẹ́ kí ìyàwó bọ́.

A pe ènìyàn bíi mẹ́wàá sí pálọ̀ rẹ̀. A ti ń fọwọ́ síwèé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó ń fa ẹsẹ̀, rólù òwú ńlá kan wà ní abíyá rẹ̀. Funfun ni, pẹ̀lú fọ́nrán búlúù. Ó gbé e síwájú ìyàwó mi, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú ìwé kan jáde, ó sì tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo rà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ni," ló wí. "Rìsíìtì rẹ̀ nìyí."

Etí rẹ̀ ò pọ́n. Ìyàwó mi wò ó, ó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ní máṣíìnì rẹ̀ ń tiro. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó gbá mi léjìká, ó bi mí pé kí ni wọ́n ń fi sí orúnkún tó ń ké.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la lọ gba ìrọ̀rí àtijọ́ náà padà nílé ẹjọ́. Akọ̀wé kan ṣí ìwé ńlá, ó wá nọ́ńbà rẹ̀ rí. Ó béèrè ẹni tó ni ín, ó kọ ọ́. Ó béèrè ohun tí mo jẹ́ sí ẹni tó ni ín. Ìyàwó mi ní ọkọ òun ni. Ó kọ ìyẹn náà. Ó wá béèrè ohun tí a fẹ́ fi ṣe, nítorí àyè wà fún un lórí ìwé.

A wo ara wa.

"A fẹ́ sùn lé e," ni ìyàwó mi wí.

Akọ̀wé náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó lu òǹtẹ̀ sí i.

Nígbà tí a délé, mo gbé rólù ẹ̀gbọ́n mi sórí máṣíìnì, mo yọ àkọlé náà nínú àpòòwé tí wọ́n fi sí. Mo bi í bóyá kí n fi ọwọ́ rán an, kí n lè tẹ̀ lé ihò ti ìyá rẹ̀. Ó ní bó bá ṣe wù mí. Ó dùbúlẹ̀, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ojú búlúù yẹn, ó ní kí n bá òun ka ihò náà, òun fẹ́ mọ iye tó jẹ́. Mo ka mọ́kànlélógún.

Mo ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ tán kí n tó rí i pé oorun ti gbé e lọ. Ọ̀sán gangan ni, àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ kọjá lóde. Mo gún abẹ́rẹ́ náà mọ́ rólù, mo bọ́ bàtà, mo sì gbé orí lé ìdajì tó kù.